Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Ẹbọ Rírú



Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, baálé ilé kan wá sọ́dọ̀ mi ní Ìtamága nítorí òwò rẹ̀ tí kò lọ déédéé. Ó mẹ́nu bà á pé rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá òun. Mo dífá fún un, ó rú ẹbọ, ẹbọ sì fín. Èmi kò bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti wọn ìfúnpá rẹ̀ rí. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, rọpárọsẹ̀ dá òun náà gúnlẹ̀. Ifá kò jẹ̀bi. Èmi tí mo dákẹ́ ni mo jẹ̀bi.

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo ń kọ́ni. Ohùn kan ṣoṣo ló ya ríru ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára rírú ẹbọ, ṣùgbọ́n orúkọ àìsàn náà ń tàn wá jẹ. Bí òkun bá ń ru, a ń rí i, a sì ń gbọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ lè ru fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìrora kankan, kí ó máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀, ọkàn, kíndìnrín àti ọpọlọ jẹ́ ní kọ̀rọ̀. Wíwọ̀n nìkan ló ń tú àṣírí rẹ̀. Bí òǹkà òkè bá ń pé 140 tàbí ti ìsàlẹ̀ 90 léraléra, ó ti yẹ kí dókítà gbọ́ sí i.

Àwọn kan nínú wa gbà pé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kì í ṣe tiwa. Èrò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí ètò ìlera alábọ́ọ́dé ní Alma-Ata ní 1978, wọ́n ka oníṣègùn ìbílẹ̀ tí a bá kọ́ dáadáa mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní àwọn ọdún 1950, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti ń bá àwọn oníṣègùn wa ṣiṣẹ́ ní Aro, ní Abẹ́òkúta. Ní 2018, ìwádìí kan ní Los Angeles fi hàn pé ìfúnpá àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú wálẹ̀ gidigidi nígbà tí àwọn apòògùn lọ ń tọ́jú wọn ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ibi tí a bá ti fọkàn tán ẹni ni ìtọ́jú ti rọrùn. Ta ni àwọn ènìyàn wa fọkàn tán ju babaláwo wọn lọ?

Àbá mi fún ilé Ifá gbogbo, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, nìyí: kí á ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá; kí nọ́ọ̀sì kọ́ wa ní lílò rẹ̀; kí á wọn àgbàlagbà tó bá wá dífá; kí á sì rán ẹni tí tirẹ̀ ga lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ ọn. Babaláwo kankan kò gbọdọ̀ ní kí aláìsàn pa oògùn dókítà tì nítorí àgbo. Níbi ọdún wa, ẹ jẹ́ kí á dín iyọ̀, magí àti ọtí kù. Àwọn aláṣẹ náà ní ojúṣe: ẹni tí a rán lọ gbọ́dọ̀ bá nọ́ọ̀sì àti oògùn níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà lọ́wọ́ ẹni. Baálé ilé yẹn ṣì wà láàyè, ó ń fi ọ̀pá rìn. Nígbàkígbà tó bá wọlé, mo kọ́kọ́ ń wọn ìfúnpá rẹ̀ kí n tó mú ọ̀pẹ̀lẹ̀.