Mústádì Faransé àti Irú Wa

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú Èkó, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Hóró mústádì, tí àwọn tí ń ka Bíbélì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, kì í ta bí a bá lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ. Ìgbà tí omi bá kàn án ni agbára rẹ̀ ń jí. Ọtí kíkan ni a fi ń dá agbára náà dúró. Bí iná bá sì pọ̀ fún un, títa rẹ̀ a parẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ń fi í sí ẹran lẹ́yìn tí ó bá ti jinná, tí a sì ń pò ó mọ́ òróró àti ọtí kíkan láti fi jẹ ewébẹ̀ tútù. Iṣẹ́ yìí ni ìlú Dijon ní ilẹ̀ Faransé fi gba orúkọ káàkiri ayé.

Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ àyíká Dijon ti fi púpọ̀ nínú gbígbin hóró náà sílẹ̀ fún àwọn ará Kánádà. Ní ọdún 2021, ọ̀dá dá ní Kánádà. Ní 2022, mústádì di àwátì ní ọjà Faransé. Orúkọ wà lọ́wọ́ wọn, irúgbìn kò sí.

Kí ni èyí kàn wá ní Ìsàlẹ̀ Èkó? Irú ni mústádì tiwa. A ń se hóró rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, a ń bó èèpo rẹ̀, a ń fọ̀ ọ́, a tún ń sè é, a sì ń fi ewé bò ó fún bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó di irú. Kì í ṣe erékùṣù wa ni igi rẹ̀ ti ń hù. Láti ilẹ̀ ọ̀dàn, bí Òkè-Ògùn àti Kwara, ni a ti ń kó o wá. Níbẹ̀ ni a ti ń gé igi irú láti fi sun èédú, àwọn tí ń gbìn ín kò sì tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè so. Àwọn kan ti ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe irú nísinsìnyí. Kì í ṣe májèlé. Ṣùgbọ́n adelé ni, kì í ṣe onílé.

Àwa kò bá mústádì jà. Ẹni tí ó ń di imú sí irú, tí ó sì ń fi omijé jẹ mústádì, òun ni a ń bá wí. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ ní òkè, ẹ gbin igi irú sí i. Ẹ̀yin ìyá, ẹ kọ́ àwọn ọmọ, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, bí a ti ń ṣe é. Nígbà tí ẹ bá sì ra irú ní Ẹbútè Èrò, ẹ bi ẹni tí ń tà á pé, igi wo ni ó ti wá?