Iye afurasí tí wọ́n mú nìkan kò tó

Sí Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ tó jáde nínú ìwé ìròyìn yín, pé ààbò ti dára sí i nítorí pé afurasí tí ọlọ́pàá ń mú ń pọ̀ sí i, kò ro ọ̀rọ̀ náà dénú.

Ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018 ni àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báńkì ní Ọ̀fà, ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ọlọ́pàá sì wà lára àwọn tó kú. Kò pẹ́ tí ọwọ́ fi tẹ àwọn afurasí. Àmọ́ ó di ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Kwara ní Ìlọrin tó dájọ́ ikú fún márùn-ún nínú wọn. Ó lé ní ọdún mẹ́fà! Ta ló máa ṣàlàyé ìyẹn fún àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀?

Ìwádìí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, tó jáde níparí ọdún 2024 tún sọ pé, nínú àwọn ìdílé tí olè jà nílé, ìdá 36.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló fi tó ọlọ́pàá létí. Àwọn yòókù kò sí nínú ìwé àgọ́ ọlọ́pàá kankan.

Bẹ́ẹ̀ òfin ti ní kí àkọsílẹ̀ wà: ACJA ọdún 2015, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ní kí wọ́n kọ orúkọ, ẹ̀sùn àti gíga ẹni tí wọ́n bá mú, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí májísíréètì sì máa yẹ àgọ́ ọlọ́pàá wò lóṣooṣù.

Nítorí náà, kí ìjọba Kwara jọ̀ọ́ máa gbé e jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta: ẹjọ́ mélòó ló parí, ènìyàn mélòó ló ṣì ń retí ìdájọ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Òkè-Kúrá ní Ìlọrin.

Òǹkàwé yín,
Fate, Ìlọrin.