Ẹnu Tí Ó Jẹ Dòdò

Ní Ìṣẹ́yìn, ìyá mi àgbà kì í ra aṣọ òfì láìkọ́kọ́ gbé e sí ojú oòrùn. Bí ahunṣọ kò bá hun ún kí ó ki, ìmọ́lẹ̀ yóò yọ láàárín òwú, ìyá yóò sì wí i lójúkojú, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó hun ún. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń wá aṣọ ìgbéyàwó fi ń bi í léèrè kí wọ́n tó náwó. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ahunṣọ. Àìgba kọ́bọ̀ yẹn ni ó sọ ọ́ di lámèyítọ́.

Ọmọ àbúrò mi tí ó ń kọ́ṣẹ́ ní Ṣakí ni ó rán mi létí ìyá náà. Ó tọ́jú owó fún oṣù mẹ́rin kí ó lè ra eré orí kọ̀ǹpútà kan, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní géèmù. Gbogbo àyẹ̀wò tí ó kà nípa rẹ̀ ni ó yìn ín. Ó rà á tán, kò ṣe é ta. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí yóò fi dákú. Ó bi mí pé, "Bàbá, ta ni kí n tún gbà gbọ́?"

Àwọn kan yóò ní eré ọmọdé ni, kí ló kan olùkọ́ èdè Yorùbá? Èmi kò gbà. Owó tí ó ti ọwọ́ ọmọ náà lọ kì í ṣe eré. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1907+100, ìyẹn 2007, GameSpot ní Amẹ́ríkà dá Jeff Gerstmann dúró lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn tí ó fún eré *Kane & Lynch* ní máàkì 6 nínú 10. Eidos tí ó gbé eré náà jáde sì ń polówó ọjà rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọdún 2012 ni Gerstmann tó lè sọ ní gbangba pé ọwọ́ àwọn olówó ìpolówó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ìròyìn *Game Informer*, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, wà lábẹ́ GameStop tí ń ta géèmù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, GameStop pa á dé; olówó mìíràn ni ó jí i dìde ní 2025. N kò ní irọ́ ni wọ́n ń kọ. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ọlọ́jà ń bọ́, ọwọ́ ọlọ́jà ni ẹnu rẹ̀ wà.

Kí n tó na ìka sí ará òkèèrè, kí n jẹ́wọ́. Èmi náà ti dúró níbi ìfilọ́lẹ̀ ìwé rí, tí mo yin ìwé tí àṣìṣe kún inú rẹ̀, nítorí àpòòwé wà nínú àpò mi. Àwọn ènìyàn gbà mí gbọ́, wọ́n rà á. Ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Ìyá mi àgbà ní oko tí ó ń jẹ. Oníròyìn kò ní. Bí a bá fẹ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀, àwa òǹkàwé ni kí a bọ́ ọ, kì í ṣe ọlọ́jà. Òun náà ní láti sọ fún wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹni tí ó fún un ní ọjà tí ó ń yẹ̀ wò. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà: àwa tí a kọ̀ láti rà á ni a kò gbọdọ̀ sunkún pé èké kún ìsọ̀.