Ògúnkọ̀yà ti sáré tirẹ̀ tán, ta ni yóò gba ọ̀pá?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1996, obìnrin mẹ́jọ tò sórí pápá ní ìlú Atlanta, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti sá àṣekágbá eré 400 mítà ti ìdíje Òlíńpíìkì. Méjì nínú àwọn mẹ́jọ náà ló ń sáré fún Nàìjíríà: Falilat Ògúnkọ̀yà, ọmọ Òde Lẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti Fatima Yusuf, ọmọ Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Marie-José Pérec ará Faransé ló ṣe ipò kìíní, Cathy Freeman ará Ọsirélíà ló tẹ̀lé e. Ògúnkọ̀yà ṣe ipò kẹta pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 49.10, Fatima sì ṣe ipò kẹfà. Títí di ọjọ́ yẹn, kò tíì sí obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà kankan tó yára tó bẹ́ẹ̀ nínú eré náà. Ó ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún báyìí, obìnrin mìíràn tó ń sáré fún Nàìjíríà kò sì tíì lé e bá.

Àwọn kan máa ń sọ pé ipò kẹta kì í ṣe ipò kìíní. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí òǹkàwé fara balẹ̀ wo ìṣirò yìí. Ní Sydney lọ́dún 2000, ìṣẹ́jú àáyá 49.11 ni Freeman fi gba góòlù. Ní Athens lọ́dún 2004, 49.41 ni. Ní Beijing lọ́dún 2008, 49.62 ni. Ní London lọ́dún 2012, 49.55 ni, nígbà tó sì di Rio lọ́dún 2016, 49.44 ni. Òlíńpíìkì márùn-ún tẹ̀ léra wọn, eré tí ọmọ Òde Lẹ́mọ sá ní Atlanta ì bá gba góòlù nínú gbogbo wọn. Ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ yá jù lọ láyé rẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ Pérec yá jù lọ.

Eré 400 mítà kì í ṣe eré ọmọdé. Odindi àyíká pápá kan ni. Kò gùn tó èyí tí ènìyàn lè rọra sá, kò sì kúrú tó èyí tí ènìyàn lè fi gbogbo agbára sá látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó bá lo gbogbo agbára rẹ̀ níbi ìdajì àkọ́kọ́ dà bí ẹni tó ná gbogbo owó ọjà kí oòrùn tó kan àtàrí. Bó bá ku 100 mítà, itan rẹ̀ á wúwo bí ẹni pé wọ́n di àpò iyanrìn mọ́ ọn. Ọgbọ́n orí àti sùúrù ló ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìdí sì nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sá kì í fi í yọjú lójijì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ògúnkọ̀yà. Ọdún 1968 ni wọ́n bí i. Lọ́dún 1986, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ eléré orí pápá ní Athens, lórílẹ̀-èdè Gíríìsì. Òun ló gba góòlù eré 200 mítà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ sí yunifásítì ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, tó ń kàwé, tó sì ń sáré. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló wà láàárín góòlù Athens àti àmì ẹ̀yẹ Atlanta. Lọ́dún 1998, òun ló ṣe ipò kìíní nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Dakar. Lọ́dún 1999, ó gba góòlù eré gbogbo Áfíríkà ní Johannesburg. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nígbà tó tún wọ àṣekágbá Òlíńpíìkì ní Sydney, níbi tó ti ṣe ipò keje.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ipò kẹta yẹn ní Atlanta, òun, Fatima Yusuf, Bísí Afọlábí àti Charity Opara jọ sá eré riléè, èyí tí ènìyàn mẹ́rin ti máa ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Ògúnkọ̀yà ló gba ọ̀pá kẹ́yìn. Fàdákà ni wọ́n gbà. Ohun tó wà láàárín wọn àti Amẹ́ríkà tó gba góòlù kò ju ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá.

Àmì ẹ̀yẹ mẹ́fà ni Nàìjíríà kó bọ̀ láti Atlanta. Mẹ́rin nínú wọn ló ti ọwọ́ àwọn obìnrin orí pápá wá: góòlù Chioma Ajunwa nínú fífò jìnnà, ipò kẹta Mary Onyali nínú 200 mítà, ti Ògúnkọ̀yà, àti fàdákà riléè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ Atlanta níbikíbi ní Nàìjíríà lónìí, góòlù bọ́ọ̀lù ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Kò burú láti yọ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Èyí tó burú ni pé kí wọ́n fi ayọ̀ yẹn bo àwọn obìnrin wọ̀nyí mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Sydney tilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Nínú eré riléè obìnrin lọ́dún 2000, Ògúnkọ̀yà, Afọlábí, Opara àti Rosemary Okafor ṣe ipò kẹrin. Amẹ́ríkà ló gba góòlù, Marion Jones sì wà lára wọn. Lọ́dún 2007, Jones fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn agbára tí òfin kà léèwọ̀. Àwọn aláṣẹ Òlíńpíìkì gba góòlù náà lọ́wọ́ wọn lọ́dún 2008. Bí ó bá dúró bẹ́ẹ̀ ni, ipò kẹta ì bá já mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá Jones sáré pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá àgbáyé sì dá wọn láre lọ́dún 2010, pé òfin tó wà nílẹ̀ lọ́dún 2000 kò fàyè sílẹ̀ láti fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan gba àmì ẹ̀yẹ gbogbo wọn. Àwọn ọkùnrin Nàìjíríà rí tiwọn gbà: góòlù riléè Sydney bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lọ́dún 2012 nítorí oògùn tí ará Amẹ́ríkà kan lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sunday Bada, ọ̀kan nínú wọn, ti kú kó tó dé. Àwọn obìnrin kò rí nǹkan kan gbà. Òfin ni òfin, ṣùgbọ́n ó dun ni.

Ẹsẹ̀ tó yá kò tíì tán nínú ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà. Christine Ohuruogu tó gba góòlù 2008 fún Bìrìtìkó, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Salwa Eid Naser, tó gba fàdákà fún Bahrain ní Paris lọ́dún 2024, Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí. Ní ọdún 2024 yìí kan náà, Rhasidat Adeleke, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, sá 49.07 fún Ireland ní Rome. Tobi Amusan nìkan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó sá eré afẹsẹ̀fo-igi ní 12.12 lọ́dún 2022, tí kò sì sí obìnrin tó sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí, ló dúró ti Nàìjíríà. Òun náà ní láti lọ sí yunifásítì ní Texas kó tó gbó bó ṣe gbó, gẹ́gẹ́ bí Ògúnkọ̀yà ṣe lọ sí Mississippi ṣáájú rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Ògùn, tó bí àwọn méjèèjì, ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ó gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 2006, ó tún gbà á lọ́dún 2025, nítorí náà kò lè sọ pé òun kò ní pápá. Pápá ilé ẹ̀kọ́ abúlé ni kò sí, èyí tí wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí tàbí tí igbó ti gbà. Kí kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ka iye ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó ṣì ní ibi tí ọmọ lè sáré yí po, kó sì gbé iye náà jáde fún gbogbo ènìyàn rí. Kí ìjọba ìbílẹ̀ dá ìdíje ilé ẹ̀kọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ padà lọ́dọọdún, kó sì san owó oṣù fún olùkọ́ eré ìdárayá kan ó kéré tán ní ilé ẹ̀kọ́ girama kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá sì ń wá ẹni tó lè fi eré 400 mítà han àwọn ọmọ náà, wọn kò ní láti lọ sí òkè òkun wá a.