Igi Kan Kì í Dá Igbó Ṣe

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ní oko kòkó ní Ìdànrè, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí onígẹdú bá gbé owó wá, tí ó ní kí ẹ ta gbogbo igi ńlá inú oko fún òun, ẹ má tíì gbà.

Inú igbó Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkó ti ṣẹ̀ wá, abẹ́ igi ńlá ni ó sì ń gbé níbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ a máa ṣíji bo kòkó kékeré. Ìrókò àti afàrá a máa gba èyí tí ó ti dàgbà lọ́wọ́ oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀. Ewé wọn tí ó já sílẹ̀ a jẹrà, a sì di oúnjẹ fún un.

Lábẹ́ ilẹ̀ pàápàá, ohun tín-ín-rín kan bí òwú, tí ó jẹ́ ìbátan olú, so mọ́ gbòǹgbò kòkó. Ó ń bá kòkó wá oúnjẹ inú ilẹ̀, kòkó náà sì ń fún un ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ ṣe. Ní 1997, Suzanne Simard fi hàn nínú igbó Kánádà pé oúnjẹ a máa ti ara igi kan bọ́ sí ara òmíràn. Bí ó ti pọ̀ tó ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé.

Ṣùgbọ́n òjìji àpọ̀jù kò dára: ọ̀rinrin a pọ̀, èso kòkó a sì máa rà dúdú. Nítorí náà, ẹ gé ẹ̀ka tí ó ṣú jù, kí ẹ dá igi sí. Owó gẹdú, ẹ̀ẹ̀kan ni. Owó kòkó, ọdọọdún ni.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.