Ta Ló Yẹ Kó Bi Ọmọ Náà Léèrè?

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan fipá bá ọmọ ọdún méje lò pọ̀ ní àdúgbò yín. Ta ni yóò kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè? Ìyá rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ìyá àgbà, ìyàwó pásítọ̀ tàbí ìyàwó ààfáà, alága àdúgbò, ọlọ́pàá, dókítà, lọ́yà. Kí ọmọ yìí tó dé iwájú adájọ́, ó lè ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà nígbà mẹ́wàá. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ń bi í, àmọ́ ẹ gbọ́ irú ìbéèrè tí à ń bi ọmọ: “Ṣé bọ̀dá inú yàrá ẹ̀yìn yẹn ni, àbí?” “Ṣé ó bọ́ aṣọ ẹ?” “Sọ òtítọ́ o, mi ò ní nà ẹ́.” Ìdáhùn ti wà nínú ìbéèrè. Ọmọ tí a ti kọ́ pé kì í bá àgbà jiyàn yóò ní, “Ẹ́ẹ̀n, mà.”

Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan ní wọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ kìíní, ó ń sọ̀rọ̀ geere. Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti bi í léèrè tán, èmi náà wà níbẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wò kó tó dáhùn. Ẹjọ́ náà kò lọ síbì kankan.

Ní ọdún 1974, obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Elizabeth Loftus, àti John Palmer tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, fi fíìmù jàǹbá ọkọ̀ han akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 150. Wọ́n bi àwọn 50 pé báwo ni ọkọ̀ méjèèjì ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n “fọ́ mọ́ra wọn”. Wọ́n bi àwọn 50 mìíràn pé nígbà tí wọ́n “gbá ara wọn”. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì kankan tó fọ́ nínú fíìmù náà o. Nínú àwọn tó gbọ́ “fọ́”, 16 ní àwọn rí i. Nínú àwọn tó gbọ́ “gbá”, 7 péré ni. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ti dàgbà. Kí lẹ rò pé yóò ṣe fún ọmọ ọdún méje?

Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 lórílẹ̀-èdè wa, abala 209, sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò ní búra. Adájọ́ yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ní òye, bóyá ó sì mọ̀ pé òtítọ́ ló yẹ kí òun sọ. Ẹ̀rí ọmọ náà nìkan kò sì tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí mìíràn tó gbè é lẹ́sẹ̀. Bí lọ́yà bá wá fi hàn pé àwọn àgbà ló fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ lẹ́nu, ọ̀daràn lè padà sí àdúgbò yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ náà sì lè ti ibẹ̀ wẹ̀wọ̀n. Ní California, ẹ̀sùn lórí ilé-ìwé jẹ́léósinmi McMartin bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Ní 1990 ni ẹjọ́ parí, wọn kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe bi àwọn ọmọ léèrè wà lára ohun tó ba ẹjọ́ náà jẹ́ jù.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyí. Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tó kọ́ṣẹ́ nípa ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Forensic psychologist ni òyìnbó ń pè wọ́n. Wọ́n mọ bí a ṣe ń jókòó ti ọmọ, kí a ní, “Sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi,” kí a sì dákẹ́. (Ìdákẹ́ yẹn ló ṣòro jù fún àwa àgbà.) Wọ́n tún ń yẹ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wò. Ẹ̀yin abiyamọ mọ abísínwín. Bí orí obìnrin bá dàrú lẹ́yìn ìbímọ, tó sì ṣe ọmọ rẹ̀ léṣe, abala 28 nínú òfin ìwà ọ̀daràn wa gbà pé ẹni tí àìsàn ọpọlọ kò jẹ́ kó mọ ohun tó ń ṣe kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún adájọ́?

Ẹ lè ní, ṣebí àwọn ọmọ wa ń ka psychology ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Èkó. Wọ́n ń kà á lóòótọ́. Èrò tèmi ni pé dìgírí àkọ́kọ́ kò tó. Kò sí ìyá ìyàwó tó máa gbé aṣọ ìgbéyàwó fún ẹni tó ka ìwé nípa aṣọ rírán, tí kò jókòó ti ọ̀gá rí, tí kò ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Ní Ìlú Ọba, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa jẹ́ orúkọ iṣẹ́ yìí láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àjọ tó ń mójú tó wọn. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni pé, lẹ́yìn dìgírí àkọ́kọ́, wọ́n á ṣe másítà, wọ́n á tún ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún méjì lábẹ́ ọ̀gá.

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa sanwó másítà fún àwọn ọmọ bíi mélòó kan lọ́dọọdún, kí wọ́n sì fi wọ́n sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ní ilé ìwòsàn ọpọlọ bíi ti Àrò ní Abẹ́òkúta àti ní ilé-ẹjọ́ ìdílé. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ti wà láti oṣù kìíní ọdún 2023. Òfin nìkan kì í bi ọmọ léèrè. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin ni àwọn olóṣèlú ń wá wò nígbà ìbò. Ẹ fi èyí kún ohun tí ẹ máa béèrè, kó má jẹ́ áńkárá àti ìrẹsì nìkan.

Àwọn kan á ní àwọn àgbà wa ti ń dá ẹjọ́ kí òyìnbó tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ìjà là ń parí. Gbígba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, iṣẹ́ mìíràn ni.

Kí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yẹn tó pọ̀, bí ọmọ bá sọ irú nǹkan báyìí fún yín, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni fún un. Ẹ sọ fún un pé kò ṣe ohun tó burú. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ní Èkó, Mirabel Centre wà nínú ọgbà LASUTH ní Ìkẹjà láti ọdún 2013, ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú wọn. Kí ẹ sì sọ fún àwọn tó kù nílé pé kí wọ́n má bi í ní nǹkan kan mọ́.