Ẹ Má Gba Ìsọ̀ Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ohùn Rẹ̀ Lọ

Bí àrùn rọpárọsẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sítíróòkì, bá mú ọ̀kan nínú wa tí kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́, kì í pẹ́ tí àwọn kan á ti máa béèrè pé ta ni yóò gba ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní, "Kò mọ nǹkan kan mọ́." A ní rárá o.

Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ wà. Apá òsì yìí kan náà ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí ohùn fi sábà máa ń bá ọwọ́ ọ̀tún lọ. Ìyá yẹn lè mọ̀ yín, ó lè mọ iye tí ẹ jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́ ni kò rí mú jáde. Á fẹ́ sọ ata, iyọ̀ ni yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ sì lè rí i kí ó máa bá yín kọrin geere! Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àfọwọ́fà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ èyí, speech therapist ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn á fi àwòrán, orin àti ohun èlò ilé fa ọ̀rọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Wọn á kọ́ ará ilé láti béèrè ohun tí aláìsàn lè fi orí jíjù dáhùn. Wọ́n tún máa ń yẹ ọ̀fun wò, torí omi tàbí ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Nítorí náà, ẹ má fi tipátipá bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ni, kì í ṣe ti ọjọ́ kan, bí a bá sì tètè bẹ̀rẹ̀, ó dára jù.

Wọn kò pọ̀ nílẹ̀ wa. Yunifásítì Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. Láti 1988 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ wọn sílẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè ìwé àṣẹ kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí à ń fẹ́ kò ju mẹ́ta lọ. Kí ẹgbẹ́ fi ìsọ̀ aláìsàn sílẹ̀ fún ọdún kan, kí ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa tà á lórúkọ rẹ̀. Kí a yọ owó ọkọ̀ kílíníìkì fún un nínú àpò ẹgbẹ́. Kí àwọn ìyálọ́jà wa lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ pé, kílíníìkì tí wọ́n ti ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún aláìsàn, kí wọ́n rí ẹni tí yóò tọ́jú ẹnu náà síbẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Àwọn kan á ní owó ìsìnkú ló wà nínú àpò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí a bá lè dáwó fún òkú, ṣé a ò lè dá díẹ̀ fún alààyè ni?

Ẹnu la fi ń ná ọjà. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kọ iṣẹ́ lónìí, ẹ jẹ́ ká dúró dè é. Ajé á wọlé wa o.